Ogún Ìbọn Nílé Ọdẹ Èkìtì

Ìró ìbọn ni a fi sọ ogun Kírìjì (1877–1893) lórúkọ. Ìbọn ti pẹ́ nílẹ̀ Èkìtì. Ní Erijiyan àti agbègbè rẹ̀, ṣakabùlà bàbá ọdẹ kì í ṣe irin lásán. Oko ṣeé pín láàárín ọmọ, ìbọn kò ṣeé pín. Ẹni tí ó bá bàbá dẹ ìgbẹ́, tí ó mọ ìwọ̀n ẹ̀tù, ni ó yẹ. Àwọn ọdẹ a kọ́kọ́ sun ìrèmọ̀jé, wọn a ṣe ìṣípà fún olóògbé. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1959 kò fàyè gba ìbọn láìsí ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ bàbá kì í sì í ṣe ogún. Ọmọ tí ó jogún irin láìní ìmọ̀ àti àṣẹ, ewu ni ó jogún.