Ìrìn Ẹsẹ̀ Ọlọ́jọ́ Kan Lójú Irin Sakété sí Pobè

Rélùwéè tó ń kó èrò láti Àjàṣẹ́ lọ sí Pobè ti dákẹ́ tipẹ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ mọ ìgbèríko ẹkùn Plateau ní ilẹ̀ Benin láàrin àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ kò lè rí atọ́nà tó dára ju ipa ojú irin àtijọ́ náà lọ. Àwọn tó la ojú irin ti bá a ṣe èyí tó nira jù nínú iṣẹ́ ẹni tó ń wá ọ̀nà ìrìn: wọ́n ti wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, wọ́n ti yẹra fún àbàtà, wọ́n sì ti so ìlú kan mọ́ èkejì. Irin lè kú, àmọ́ òye tí wọ́n fi la ilẹ̀ náà kò bá a kú. Èrò wa ni pé ó yẹ kí a máa rin ipa náà nísinsìnyí, kí Sakété àti Pobè sì kà á sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kí ilé àti oko tó gbé e mì.

Ẹ wo bí ó ṣe gùn. Láti Kútọnu dé Pobè, ojú irin náà jẹ́ kìlómítà 107. Bí ẹyẹ bá fò láti Kútọnu sí Àjàṣẹ́, tó tún gbéra láti Àjàṣẹ́ sí Pobè, kò ní fò ju nǹkan bí 80 lọ. Kí wá ni gbogbo ìyókù ń ṣe? Ó ń yí ká ni. Ọkọ̀ tó wọ ẹrù epo kò lè gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà irin ní láti rọra kúrò ní etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ kí ó tó bọ́ sórí ilẹ̀ pupa Sakété, kí ó máa yà síhìn-ín sọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ bá ti rì. Nítorí epo pupa àti èkùrọ́ ni àwọn Faransé ṣe tẹ́ irin tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà 1 lọ yìí, ó sì ti dé Pobè kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Ọrọ̀ ajé ni wọ́n ń ṣírò nígbà náà. Orúnkún ẹlẹ́sẹ̀ ló ń jèrè rẹ̀ lónìí.

Ẹ má fojú kéré ibi tí irin náà parí sí. Ní àríwá Pobè, ilẹ̀ pupa tán, ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí bẹ̀rẹ̀. Amọ̀ líle ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń sán débi pé ọwọ́ lè wọ inú ihò rẹ̀. Nígbà òjò ó di ẹrẹ̀ tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni. Ilẹ̀ yìí wà lára ohun tí àwọn Ọ̀họ̀rí gbójú lé nígbà tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀ fún ìjọba Faransé ní 1914 sí 1915, ìtàn tí ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju kọ sínú ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, èyí tó jáde ní 1976. Ilẹ̀ tó dá sójà dúró kò ní ṣojú àánú sí arìnrìn-afẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kí ó lọ ní January tàbí February, kí ó sì ní ẹni ibẹ̀ tí yóò mú un lọ.

Pobè fúnra rẹ̀ ni èrè ìrìn náà. Láti 1922 ni ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ti wà níbẹ̀, inú ilẹ̀ rẹ̀ ni igbó Pobè sì wà, hẹ́kítà 100 ó lé díẹ̀. Ó kéré lójú ẹni tó ti rí igbó Oǹdó, àmọ́ ẹ rántí pé apá ibi tí ọ̀dàn ti já igbó kìjikìji Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sí méjì, tí ó sì wọlé dé etí òkun, ni gúúsù Benin wà. Igbó tó kù níbẹ̀ dà bí erékùṣù. Lẹ́bàá ọgbà ọ̀pẹ, kí ẹlẹ́sẹ̀ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n la ẹyìn mẹ́ta fún un. Èyí tí a ń pè ní dura ní èésan tó nípọn. Pisifera kò ní rárá. Tenera, ọmọ tí àwọn méjèèjì bí, ní èésan fẹ́ẹ́rẹ́ àti ẹran púpọ̀, òun ló sì ń fúnni lépo jù. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ ń wò lórí àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Ọgbà ìwádìí ni o, kì í ṣe ìgboro: kí ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ ní ọ́fíìsì wọn kí ẹ tó wọ igbó.

Àwọn kan yóò ní títì ọ̀dà wà láàrin Sakété àti Pobè, kí ni ẹnìkan ń wá nínú koríko? Títì náà wà lóòótọ́, ọkọ̀ ńláńlá tó ń ti ìhà Onigbolo kó sìmẹ́ńtì bọ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá rìn létí rẹ̀ yóò jẹ eruku, etí rẹ̀ yóò kún, kò sì ní rí ju ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ. Àwọn mìíràn yóò ní bí a bá fẹ́ rìn láti ibùdó rélùwéè, ẹ jẹ́ ká lọ sí ibi tí rélùwéè ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, ti ń kó èrò láti 2021, ó sì ń dúró ní Abẹ́òkúta. Àmọ́ Laderin tó ń dúró sí jìnnà sí Òkè Olúmọ, bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ẹ tún máa wá ọkọ̀ mìíràn. Ibùdó àtijọ́ tó wà ní Lafẹ́nwá ló bá ẹsẹ̀ mu. Nítorí náà, pé rélùwéè ń sáré kò tó. Ibi tí ojú irin gbà ni ọ̀rọ̀ wà, ìyẹn sì ni ohun tí Sakété àti Pobè ní. Ẹni tí etí òkun bá wù, kí ó wo ẹ̀ka irin ti ìwọ̀-oòrùn tó gba Ouidah kọjá. Òun náà ti dákẹ́, ṣùgbọ́n láti àárín ìlú dé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1995, nǹkan bí kìlómítà 4 péré ni, ojú ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà dé òkun sì ni.

Ibi tí àtakò ti lágbára jù ni ti ilẹ̀. Níbi tí ẹnìkan ti kọ́lé tàbí gbin àgbàdo sójú irin, a kò lè ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ nítorí àwọn tó ń ṣe fàájì. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kò fẹ́ ju ìbú mítà méjì lọ, ó sì lè yà gba ẹ̀yìn ilé kí ó tún padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1979 sí 1986, wọ́n sọ ojú irin Bristol sí Bath tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́, nǹkan bí kìlómítà 21, títí dòní ni àwọn èèyàn sì ń fi lọ ibi iṣẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe arìnrìn-afẹ́ nìkan ni yóò jàǹfààní: ọmọ iléèwé àti ìyá tó ru igbá lọ sọ́jà ni yóò kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ sìmẹ́ńtì.

Bí ẹ bá máa lọ lọ́dún yìí, December sí February ló dára jù. August náà máa ń dáwọ́ òjò dúró díẹ̀. Ní January, oòrùn ń yọ ní nǹkan bí agogo méje àárọ̀, ó sì ń wọ̀ kí agogo méje alẹ́ tó lù. Bí ọ̀nà tilẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, Sakété sí Pobè kò lè dín ní kìlómítà 27, iṣẹ́ alágbára sì nìyẹn. Kí ẹni tí kò bá mọ́ lára wọ tasín láti Àjàṣẹ́ dé Sakété ní ìdájí, kí ó rìn títí oòrùn ó fi mú, kí ó yà sí títì, kí zémíjàn, ọ̀kadà akérò, gbé e dé Pobè. Ẹ wọ bàtà àti ṣòkòtò gígùn, ẹ má sì wọ́ odò tí kò ṣàn: egbò Buruli wà ní agbègbè náà, ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ti wà ní Pobè láti 2003. Ẹni tó bá rí kókó ara tí kò dun òun, kí ó tètè lọ.

Ó ku ti àwọn alákòóso. Àjọ OCBN, tí Dahomey àti Niger jọ dá sílẹ̀ ní 1959, ló ń bójú tó irin náà tẹ́lẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Sakété àti ti Pobè béèrè àwòrán ilẹ̀ ojú irin lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ìwé náà, kí wọ́n sì ri òpó sí ipa rẹ̀ kí òjò April tó bẹ̀rẹ̀.