Ta Ló Máa Dá Àgbẹ̀ Lóhùn Nítorí Erin?

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: mélòó nínú àwa ọmọ Ìjẹ̀bú ló mọ̀ pé erin ṣì wà nínú igbó ọba Omo, lágbègbè J4? Nígbà tí mo sọ ọ́ nílé ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin, bàbá àgbẹ̀ kan bi mí pé, "Lọ́yà, ṣé erin ló máa san owó iléèwé àwọn ọmọ mi ni?"

Láti 1925 nìjọba ti ya igbó yìí sọ́tọ̀. Síbẹ̀, oko kòkó àtàwọn agégẹdú ń jẹ ẹ́ wọlé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó kì í sábà rí erin gan-an. Ipasẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀ kiri.

Ẹranko òkun kan wà tí wọ́n ń pè ní elephant seal. Imú akọ rẹ̀ dà bí ọwọ́jà erin. Àwọn ọdẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tán nítorí òróró ara rẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ ní erékùṣù Guadalupe, ìjọba Mẹ́síkò fòfin dáàbò bò ó lọ́dún 1922. Lónìí, wọ́n ti ju 100,000 lọ.

Àmọ́ erékùṣù tó dá wà láàárín òkun nìyẹn. Àwọn èèyàn ń jẹun nínú igbó tiwa. Àwa náà ní òfin ẹranko tó ń parẹ́ láti 1985, ṣùgbọ́n òfin kì í bọ́ ọmọ. Bíjọba bá fẹ́ kí àgbẹ̀ jáde, kó fún un nílẹ̀ níbòmíì, kó sì gba àwọn ọmọ rẹ̀ síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ìgbà yẹn ni màá tó rí ẹnu dá bàbá yẹn lóhùn.