Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Fíláàṣì tí kọ̀ǹpútà kò dá mọ̀ mọ́

Bí Windows bá ní kí ẹ fọ́máàtì fíláàṣì yín kó tó lè ṣí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà! Fáìlì yín ṣì lè wà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka sí ibi tí wọ́n wà ló sábà máa ń bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ ki fíláàṣì náà bọ ojúhò mìíràn lára kọ̀ǹpútà. Kò hàn síbẹ̀? Ẹ ṣí Disk Management nínú Windows. Bó bá wà níbẹ̀ láìní lẹ́tà ìdánimọ̀ (bíi E tàbí F), ẹ fún un ní lẹ́tà. Bó bá kọ RAW, ìyẹn ni pé Windows kò lè ka ètò fáìlì rẹ̀, PhotoRec, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè bá yín wá fọ́tò àti ìwé yín jáde. Orí dísíìkì mìíràn ni kí ẹ kó wọn sí o! Ohun tuntun tó bá wọ fíláàṣì náà lè pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ pátápátá.