Labalábá Tó Jọra Tí Kò Bára Tan

Ní àyíká Aṣéjìrẹ́, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun kí Ìbàdàn lè rí omi lò, àti láàárín oko kòkó Ìkirè àti Àpòmù, orúkọ kan ṣoṣo, labalábá, ni àwọn ènìyàn fi ń pe kòkòrò tí ẹ̀yà rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lé ní 1,000, gẹ́gẹ́ bí ìwé onídìpọ̀ méjì tí onímọ̀ labalábá Torben Larsen gbé jáde ní 2005 ti fi hàn. Àwọ̀ ìyẹ́ wọn, tí ojú ń kọ́kọ́ rí, ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ jù.

Nínú igbó òjò gúúsù Nàìjíríà, Amauris niavius jẹ́ dúdú tí ó ní àmì funfun gbàǹgbà, ẹyẹ kì í sì fẹ́ jẹ ẹ́ nítorí ìkorò ara rẹ̀. Abo Papilio dardanus, tí kò korò rárá, gbé irú aṣọ kan náà wọ̀, bẹ́ẹ̀ akọ rẹ̀ jẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú bí ọsàn wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n, ó sì ní ìrù lára ìyẹ́, tí ẹni tí kò mọ̀ yóò fi rò pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Onímọ̀ kòkòrò Roland Trimen ni ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní 1869. Ẹsẹ̀ ni ó ń tú àṣírí: ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni Papilio fi ń dúró, ṣùgbọ́n nínú ìdílé Amauris, ẹsẹ̀ méjì iwájú ti kéré, wọ́n sì ká mọ́ àyà, nítorí náà mẹ́rin péré ni a ń rí.

Ọgbọ́n ẹsẹ̀ yìí kò wúlò fún Danaus chrysippus, olómi ọsàn tí ó wọ́pọ̀ létí ọ̀nà, àti abo Hypolimnas misippus tí ó ń fara wé e, nítorí pé inú ìdílé Amauris kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ìyẹ́ ẹ̀yìn ni kí a wò lókè: Danaus ní tóótòò dúdú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní àárín, Hypolimnas sì ní ẹyọ kan létí. Ewé tí ọmọ wọn ń jẹ náà yàtọ̀: ọmọ Danaus ń jẹ bomubomu àti àwọn ẹbí rẹ̀ olóje funfun, ibẹ̀ ni oró tí ó ń lé ẹyẹ ti ń wá, ọmọ Hypolimnas ń jẹ pápásan, tí kò ní irú oró bẹ́ẹ̀.

Àwọn Euphaedra inú igbó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yà ìbísí akọ wọn lábẹ́ awò amúǹkantóbi nìkan ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ labalábá Aṣéjìrẹ́ kí ó ya àwòrán ẹsẹ̀, abẹ́ ìyẹ́ àti ewé tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ, kí ó má ṣe ya òkè ìyẹ́ nìkan.