Ẹni Tí Ọpọlọ Rẹ̀ Ń Ṣàìsàn Ní Ara Pẹ̀lú

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ." Òwe yìí fi hàn bí àrùn ọpọlọ ti wúwo tó lójú àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n ẹrù kejì wà lórí ẹrù náà, èyí tí a kì í sábà mẹ́nu kàn. Ẹni tí ó ní àrùn ọpọlọ ní ẹ̀dọ̀, ó ní kíndìnrín, ó ní eyín, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti ní. Ibà a máa mú un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a sì máa ru. Síbẹ̀, nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbé ẹ̀dùn ara rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ìgbà púpọ̀ ni a máa ń dá a lóhùn pé, "Àìsàn rẹ àtijọ́ ló tún dé." A óò fún un ní oògùn oorun, a óò sì ní kí ó máa lọ sí ilé.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ká ní obìnrin kan wà tí ó ń ta gàrí lójà. Àrùn ọpọlọ ṣe é rí. Ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, ọkàn rẹ̀ sì ti balẹ̀ láti ọdún márùn-ún. Ní òru ọjọ́ kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún ní apá ọ̀tún, ara rẹ̀ gbóná, ó sì ń bì. Nígbà tí ó dé ilé ìwòsàn, a wo ìwé rẹ̀, a rí orúkọ àrùn àtijọ́ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé apẹ́ńdíìsì ni ó wú, tí ó sì bẹ́ sínú rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, kí ni a óò wí pé ó pa á? Àrùn ọpọlọ kò fi ọwọ́ kàn án. Àìgbà á gbọ́ ni ó pa á.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi yé wa pé àwọn tí ó ní àrùn ọpọlọ líle máa ń kú ní nǹkan bí ọdún 10 sí 20 ṣáájú àwọn ẹlòmíràn. Àwọn kan nínú wọn ń kú nípa ọwọ́ ara wọn, ó ṣeni láàánú. Ṣùgbọ́n àìsàn ara ni ó ń pa èyí tí ó pọ̀ jù: àrùn ọkàn, àrùn ẹ̀dọ̀fóró, àtọ̀gbẹ, àti àwọn àrùn tí ń ràn. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ni a lè dènà, tàbí kí a wò wọ́n sàn bí a bá tètè rí wọn.

Ohun tí a rí kọ́ ní Aro

Àwa ará Ìpínlẹ̀ Ògùn kò jìnnà sí ibi tí a ti kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀ràn yìí. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣí ilé fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Kàlàbá ní 1904, àti ní Yábà ní 1907, ìhámọ́ ni iṣẹ́ àwọn ilé náà ju ìwòsàn lọ. Ní 1944, a sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí ó wà ní Lantoro ní Abẹ́òkúta di ibi ìtọ́jú fún àwọn ọmọ ogun tí ó ti ojú Ogun Àgbáyé Kejì dé pẹ̀lú àìsàn ọpọlọ. Lẹ́yìn náà ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo dé, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923. Ní 1954 ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà tuntun ní Aro.

Dókítà Lambo kò há àwọn aláìsàn mọ́. Ó wọ̀ wọ́n sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, àwọn onílé sì ń gba owó ilé. Olúkúlùkù aláìsàn mú ẹbí kan dání, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú. A bójú tó omi mímu, ṣáláńgá àti ẹ̀fọn ní àwọn abúlé náà. Nípa báyìí, ìtọ́jú ara àti ìtọ́jú ọpọlọ jọ rìn pọ̀, ẹbí sì wà nítòsí láti jẹ́rìí sí ohun tí ó ń ṣe aláìsàn. Dókítà Lambo di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà; ó sì fi ayé sílẹ̀ ní 2004. Ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀ fún wa ni pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣàìsàn nílò ẹlẹ́rìí kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìdí tí àìsàn ara fi ń sá pamọ́

Èkínní ni orúkọ. Bí a bá ti pe ènìyàn ní wèrè lẹ́ẹ̀kan, orúkọ náà a bo gbogbo ohun tí ó bá sọ mọ́lẹ̀.

Èkejì ni pé àìsàn ara a máa wọ aṣọ àìsàn ọpọlọ. Ibà tí ó bá gun orí, ibà táífọ́ọ̀dù, àìtó ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, àti àrùn ojú ara ìtọ̀ nínú àwọn arúgbó, gbogbo wọn lè mú kí ènìyàn máa sọ ìsọkúsọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá yí padà lójijì láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, pàápàá bí ara rẹ̀ bá gbóná, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ìbáà ṣe pé àrùn ọpọlọ ti ṣe é rí.

Ẹ̀kẹta ni àwọn oògùn fúnra wọn. Oògùn wọ̀nyí ń ṣe rere púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá a dúró láìsọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní ìwà tirẹ̀. Chlorpromazine, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Largactil, a máa mú kí oòrùn jó awọ ara kíákíá. Kí àgbẹ̀ tí ń lò ó wọ akẹtẹ̀ àti aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Olanzapine àti clozapine a máa mú ènìyàn sanra, wọ́n sì lè fa àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ń lo clozapine kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àìyàgbẹ́, nítorí pé ìfun lè dí pa. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá sì ń dùn ún tí ara rẹ̀ sì gbóná, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tí ń lo lithium gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa lóko, kí ó sì máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní àsìkò tí dókítà bá dá fún un. Kí ó má ra ibuprofen tàbí diclofenac lò fún ẹ̀yìn ríro láìbéèrè, nítorí wọ́n ń mú kí lithium pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n púpọ̀, tí ó ń bì, tí ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ kíá.

Ewé àti egbò náà wà nínú ọ̀ràn yìí. Asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn wa ti ń lò fún wèrè láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ní agbára tòótọ́ nínú, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ẹni tí ó bá mu ún mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn ọpọlọ lè dákú. Ẹ má fi í pamọ́ fún dókítà.

Ìmọ̀ràn fún aláìsàn àti ẹbí rẹ̀

Ẹni tí ó ń gbé OPIC Estate, Mowe, Ìbàfò tàbí Ifọ̀ lè máa gba oògùn ọpọlọ ní Aro tàbí ní Yábà, kí ó sì lọ tọ́jú ara ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ifọ̀ tàbí ní Ṣàgámù. Ìwé àwọn ilé ìwòsàn wọ̀nyí kì í sábà pàdé ara wọn. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni afárá tí ó wà láàárín wọn. Nítorí náà:

1. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn sí i, bí a ti ń lò ó, àti ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn gbogbo tí ẹ bá ń lọ.

2. Nígbà tí àìsàn ara bá bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, àti ibi tí ó ti ń dunni sínú rẹ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ṣòro láti pè ní ìsọkúsọ.

3. Ẹ mú ẹnìkan dání tí ó mọ̀ yín nígbà tí ara yín yá, kí ó lè sọ pé, "Bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu kọ́ nìyí."

4. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó ṣe kedere: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo mọ̀ pé mo ní àrùn ọpọlọ. Inú tí ń run mí yìí yàtọ̀ sí i. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ti ń yẹ ti ẹlòmíràn wò." Bí a bá kọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé a kò yẹ̀ yín wò, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ọ̀gá wọn. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

5. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ jẹ́ kí a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìwọ̀n ara, àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun yóò ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí òfin wí

Òfin ti wà lẹ́yìn yín báyìí. Ní oṣù January 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí Òfin Ìlera Ọpọlọ ti Orílẹ̀-èdè, èyí tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti 1916. Òfin tuntun náà kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti rẹ́ aláìsàn jẹ nítorí àrùn ọpọlọ. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 pẹ̀lú ka àwọn tí ó ní àìlera ọpọlọ mọ́ àwọn tí a dá àpò owó sílẹ̀ fún láti ràn lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní àjọ tirẹ̀ tí ń rí sí adójútòfò ìlera. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó sún mọ́ yín bí a ti ń forúkọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwa ará ìjọ. Ní 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde nípa àwọn aláìsàn ọpọlọ tí a so mọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn ilé àdúrà sì wà lára ibi tí a ti bá wọn. Egbò ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ a máa kẹ̀. Ààwẹ̀ tipátipá a máa sọ ara di aláìlágbára, oògùn tí a sì gbà lọ́wọ́ ènìyàn kò lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Àdúrà kò dí dókítà lọ́wọ́. Ẹ gbàdúrà fún aláìsàn, kí ẹ sì san owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀: kí ẹ fi ọwọ́ kan ikùn tí ó ń run, kí ẹ fetí sí àyà tí ó ń dunni, kí ẹ tó wo orúkọ àrùn tí ó wà lára ìwé. Bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò tí ẹ kò rí nǹkan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ pàdánù. Bí ẹ kò bá yẹ̀ ẹ́ wò rárá, ó lè jẹ́ ẹ̀mí.