Ọ̀dà Kì í Dá Lọ́rì Dúró

Ọ̀sẹ̀ méje péré ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó wà ní Kensington High Street, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, fi rí ayé. Lọ́dún 2020, káńsù àdúgbò náà gba owó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ sílẹ̀ nítorí àrùn Kòrónà, wọ́n fi ri ọ̀pá rọ́bà mọ́ ojú títì, kí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lè rí ibi gbà láìbá mọ́tò du ọ̀nà. Nígbà tí oṣù Kejìlá yóò fi dé, káńsù kan náà ti ní kí wọ́n máa hú àwọn ọ̀pá ọ̀hún. Àwọn onísọ́ọ̀bù àti àwọn ará àdúgbò kan ló fẹjọ́ sùn pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti pọ̀ jù. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ náà bọ́ sí títì, wọ́n ń ṣe ìwọ́de.

Ọ̀pá rọ́bà ni o! Mọ́tò lè gùn ún mọ́lẹ̀ kó tún dìde nàró. Síbẹ̀, irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù títí dé Kánádà, ìdí rẹ̀ ò sì fara sin. Bí ìjọba bá kun etí títì lọ́dà, tí wọ́n ya àwòrán kẹ̀kẹ́ sí i, ìwọ̀nba èèyàn ló máa bínú, nítorí mọ́tò á ṣì máa rìn lórí ọ̀dà, ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì á ṣì dúró síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìdènà kalẹ̀ ni àyè tó jẹ́ ti mọ́tò tẹ́lẹ̀ dín kù lóòótọ́. Ọjọ́ yẹn ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn náà sì ni ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ààbò.

Lọ́ńdọ̀nù fojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀ yìí, torí ọ̀dà ni ìlú náà kọ́kọ́ fọkàn tán. Láti 2010, nígbà tí Boris Johnson jẹ́ Méyọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn ọ̀nà gígùn tí wọ́n pè ní Cycle Superhighway. Búlúù ni wọ́n kùn wọ́n, àwọ̀ tó bá ti báńkì Barclays tó ṣonígbọ̀wọ́ wọn mu. Èyí tó gba Bow lọ sí Aldgate, ní ìlà-oòrùn ìlú, ṣí ní 2011. Níbi tó pọ̀ jù lórí rẹ̀, ọ̀dà nìkan ló wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì àti lọ́rì ń gun búlúù náà bó ṣe wù wọ́n. Kò pẹ́ tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ fi ń kú lójú ọ̀nà ọ̀hún. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó wádìí ikú méjì nínú wọn kọ̀wé ní 2013 pé ọ̀dà yẹn ń fi ọkàn oníkẹ̀kẹ́ balẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìjàǹbá náà ṣe sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ òsì títì ni wọ́n ń wakọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá ọ̀tún ni awakọ̀ sì ń jókòó sí. Oníkẹ̀kẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì lọ́rì ńlá, iná oríta fún wọn láyè, lọ́rì fẹ́ yà sósì, kẹ̀kẹ́ fẹ́ lọ tààrà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ìjókòó rẹ̀ ga fíofío, tí kò rí ìsàlẹ̀ apá òsì rẹ̀, ojú wo ló fẹ́ fi ṣọ́ ọ? Oníkẹ̀kẹ́ 14 ló kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2013. Ọkọ̀ ẹrù ńlá lọ́wọ́ nínú ikú mẹ́sàn-án. Mẹ́fà nínú wọn kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì nínú oṣù Kọkànlá. Ìlú gbóná.

Johnson àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ́wọ́ gba òkúta. Wọ́n fẹ́ fa ọ̀nà kẹ̀kẹ́ láti Tower Hill gba etí odò Thames lọ sí ìtòsí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, pẹ̀lú òkúta tó la kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò láàárín. Nígbà tí wọ́n béèrè èrò ará ìlú, èsì tó wọlé lé ní 21,000, ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Canary Wharf Group, àwọn tó ni ilé gogoro àwọn báńkì ńláńlá, lòdì sí i. Ẹgbẹ́ awakọ̀ takisí gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì pàdánù. Ní oṣù Kejìlá 2015, Lord Lawson, tó ti fìgbà kan rí jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó, dìde nílé aṣòfin àgbà, ó ní agbára káká ni ohun mìíràn fi tíì ba Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ tó báyìí látìgbà tí Jámánì ti ń rọ̀jò bọ́ǹbù lé e lórí. Àsọdùn gbáà ni, àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó sínú takisí lójú títì tí wọ́n ń gbẹ́ á mọ ibi tí inú ti bí bàbá náà. Ọ̀nà ọ̀hún ṣí ní oṣù Karùn-ún 2016, ó sì wà níbẹ̀ dòní.

Òkúta ló lágbára jù, òun náà ló sì wọ́n jù, torí wọ́n gbọ́dọ̀ tún gọ́tà àti ojú títì ṣe kí omi òjò lè rí ibi gbà. Ọ̀pá rọ́bà pọ́ọ́kú, ó yá láti rì, ó sì yá láti hú, bí ti Kensington ṣe fi hàn. Àwọn ìlú kan lo ìdènà kúkúrú tó yọrí gọngọ lójú títì, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ tó bá ń sọdá lè fẹsẹ̀ kọ ọ́. New York dá ọgbọ́n mìíràn ní 2007 lórí Ninth Avenue: wọ́n sún ibi ìgbọ́kọ̀sí kúrò létí títì, kẹ̀kẹ́ wá ń gba àárín ọkọ̀ tó dúró àti ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Ọkọ̀ tó dúró di ògiri.

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn alátìlẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kì í fẹ́ gbọ́, ó sì tọ̀nà. Bí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó ní ìdènà bá dé ibùdókọ̀, ó sábà máa ń gba ẹ̀yìn ibùdókọ̀ náà, tí èrò bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọdá ipa kẹ̀kẹ́ kó tó dé ibi tí yóò ti wọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í pariwo. Báwo ni afọ́jú ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ń bọ̀? Àwọn ẹgbẹ́ afọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń pariwo ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń ya àwòrán ọ̀nà kò sì tètè dá wọn lóhùn.

Ti àwọn tó ní kò sẹ́ni tí yóò gun kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Seville, ní Sípéènì, ti fèsì. Ìlú olóoru ni, tí kẹ̀kẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí lójú títì rẹ̀. Láàárín 2006 sí 2007, wọ́n ṣe nǹkan bí 80 kìlómítà ọ̀nà tí ìdènà wà lára rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo rẹ̀ sì so kọ́ra. Ìrìn kẹ̀kẹ́ lójúmọ́ fò láti bí 6,000 sí ohun tó lé ní 70,000 láàárín ọdún mélòó kan.

Ní Toronto, ní Kánádà, ìjà náà tún dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Ontario tí Doug Ford ń darí ṣòfin pé kí wọ́n hú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lórí àwọn òpópónà Bloor, Yonge àti University, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè dín kù. Ní oṣù Keje 2025, adájọ́ wọ́gi lé e: ó ní híhú náà yóò fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu, kò sì sí ẹ̀rí pé yóò mú títì já geere, nítorí náà ó tako ẹ̀tọ́ sí ìwàláàyè tó wà nínú òfin Kánádà. Ìjọba Ontario pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.

Èkó kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ ìdènà. Nígbà tí bọ́ọ̀sì BRT, tó ní ọ̀nà tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 sí CMS ní oṣù Kẹta 2008, kọ̀ǹkéré ni wọ́n fi pààlà sí ibi tó pọ̀ jù lára ọ̀nà náà. Ibi tí ó jẹ́ ọ̀dà nìkan, ará Èkó mọ ohun tí danfo ń ṣe níbẹ̀. Láti 2018 ni ìpínlẹ̀ náà ti ní ìlànà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ mú un ṣe, kí wọ́n má ṣe fi ọ̀dà bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gbé kọ̀ǹkéré kalẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí wọ́n sì bi àwọn afọ́jú léèrè ibi tí bọ́ọ̀sì yóò dúró sí kí wọ́n tó po sìmẹ́ǹtì.