Arò, Gbàjà àti Àga Ọ̀gá Dókítà

Òfin kan tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1985 ló sọ pé dókítà ni kó máa jẹ ọ̀gá àgbà, tí a ń pè ní CMD, láwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọdún mẹ́rin ni yóò lò, wọ́n sì lè fi mẹ́rin mìíràn kún un. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn apòògùn àtàwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò kò yéé bínú sí òfin yìí. Wọ́n ní ṣé dókítà nìkan ló lórí tí wọ́n fi ń ṣàkóso ni? Èsì tí àwọn dókítà máa ń fọ̀ ni pé àwọn làwọn mọ aláìsàn jù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó torí pé ó mọ aláìsàn gorí àga, ṣé ó yẹ kó ṣì máa rí aláìsàn lẹ́yìn tó bá ti jókòó tán, àbí kó pa ìyẹn tì, kó gbájú mọ́ fáìlì?

Ọkùnrin méjì tí wọ́n kàwé l'Ábẹ́òkúta ni mo fẹ́ fi wọn ọ̀rọ̀ yìí wò. Ọ̀kan tọ́jú orí, ọ̀kan tọ́jú ọmọ. Àwọn méjèèjì ló jókòó sí àga ńlá.

Thomas Adéoyè Lambo kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham kó tó padà wálé. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, lọ́dún 1954, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ náà kò tíì parí. Ilé àwọn alárùn ọpọlọ ní Yábàá ti wà láti 1907, ti Lantoro náà wà, tí í ṣe ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìtìmọ́lé pọ̀ ju ìtọ́jú lọ níbẹ̀. Ọ̀gá mìíràn ì bá jókòó de bíríkìlà. Lambo gba inú àwọn abúlé tó yí Arò ká lọ. Ó bá wọn ṣàdéhùn pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn, kí ìbátan kan sì tẹ̀ lé aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá. Ìbátan yìí ni yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọ aṣọ, tí yóò mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, tí wọ́n á sì jọ padà sílé. Owó ilé ń wọlé fún àwọn onílé, omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wọn, aláìsàn tí ara rẹ̀ ń balẹ̀ sì lè bá wọn dé oko. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó ní kí wọ́n wá bá òun ṣe é. Àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ò mọ ohun tí wọn ì bá sọ sí ìyẹn.

Ẹ wo iṣẹ́ yẹn dáadáa. Àdéhùn ilé, owó ilé, omi, oúnjẹ, ta ni yóò sùn síbo: iṣẹ́ alákòóso gbáà ni. Òun náà sì ni ìtọ́jú. Bí wọ́n bá yọ abúlé kúrò, abẹ́rẹ́ àti oògùn ló kù, aláìsàn á sì padà sílé di àlejò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ní Arò, ọ̀gá kò ní láti wá àyè fún aláìsàn láàárín iṣẹ́ ọ́fíìsì, nítorí pé ìwé tó ń fọwọ́ sí ni oògùn tó ń kọ.

Àga tó tẹ̀ lé e kò rí bẹ́ẹ̀. Lambo di ọ̀jọ̀gbọ́n n'Íbàdàn, ó sì di gíwá yunifásítì náà ní 1968. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, ọlọ́pàá yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Adékúnlé Adépéjù, níbi ìfẹ̀hónúhàn nínú ọgbà ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ẹni tó ń bójú tó ilé ìjẹun wọn ni ìfẹ̀hónúhàn náà ti ṣẹ̀. Mi ò di ìbọn ọlọ́pàá ru Lambo. Àmọ́ kò sí ìgbà tí mo rántí rẹ̀ tí kì í yà mí lẹ́nu: ẹni tó mọ irú ọbẹ̀ tí ìbátan aláìsàn ń sè ní abúlé, òun ni gíwá nígbà tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ di ti ìbọn. Ọdún yẹn náà ló lọ sí Geneva, sí Àjọ Ìlera Àgbáyé, níbi tó ti di igbákejì ọ̀gá àgbà, tí kò sì kúrò títí di 1988.

Olikoye Ransome-Kuti ní tirẹ̀ kò kọ́ ilé ìwòsàn sí abúlé kankan. Dókítà ọmọdé ni, ó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Yunifásítì Èkó, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní kíliníìkì òpópónà Gbàjà ní Sùúrùlérè. Ìgbẹ́ gbuuru, ibà, éèyi, ọmọ tí oúnjẹ kò ká lẹ́nu: kò sí èyí tó ṣòro láti wò níbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ tí wọ́n wò sàn lónìí á padà lọ mu omi àná. Ibẹ̀ ni èrò rẹ̀ ti le pé kí nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ àdúgbò máa ṣe púpọ̀ nínú ohun tí dókítà ń dì mú, kí ìyá fúnra rẹ̀ sì mọ bí a ti ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́.

Nígbà tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, èrò Gbàjà ló gbé wọ ọ́fíìsì. Ìjọba ìbílẹ̀ méjìléláàádọ́ta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera alábọ́ọ́dé, ìlànà ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè jáde ní 1988, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì dé ibi tí kò dé rí. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá bínú sí i, wọ́n ní ó ń fi ebi pa àwọn. Wọn ò fi gbogbo ara purọ́. Ó wà lórí àga títí di 1992, lẹ́yìn rẹ̀ ni iye ọmọ tó ń gba abẹ́rẹ́ já wálẹ̀.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Fẹlá olórin, kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, Ransome-Kuti kò sí lórí àga kankan mọ́. Ó pe àwọn oníròyìn, ó sì sọ fún wọn pé àrùn éèdì ni. Ẹ rántí pé "àìsàn ránpẹ́" là ń kọ sínú ìwé ìsìnkú nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aláìsàn kan péré ló sọ̀rọ̀ rẹ̀, gbogbo ìlú ló gbọ́.

Ta ló wá sún mọ́ aláìsàn jù? Bí a bá ní ká ka orí aláìsàn, Lambo ti Arò ló borí, mínísítà kò sì lè bá a dù ú. Àmọ́ Lambo ti Geneva ńkọ́? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF ṣe ìpàdé Alma-Ata lórí ètò ìlera alábọ́ọ́dé, ìwé tó jáde níbẹ̀ sì ka àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ àwọn tí ètò ìlera lè lò. Ẹni tó bá mọ Arò yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó bá kà á débẹ̀. Ìwé Alma-Ata yìí náà ni Ransome-Kuti ń mú ṣẹ ní Nàìjíríà lẹ́yìn ọdún méje. Aláìsàn lè bá dókítà dé ọ́fíìsì tó jìnnà gan-an, bí dókítà bá ti rí i dáadáa kó tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, àga Arò ni n óò mú, nítorí ohun tí èèyàn gbé wọ ọ́fíìsì lórí a máa gbó.

CMD òde òní kò ní abúlé. Owó díísù, jẹnẹrétọ̀, ìyanṣẹ́lódì, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà, ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ní kó wá ṣàlàyé: gbogbo rẹ̀ ló ń dúró dè é láàárọ̀. Ní England, níbi tí ọ̀pọ̀ dókítà wa wà báyìí, àdéhùn kọ̀nsọ́tántì ti 2003 gé ọ̀sẹ̀ sí ẹyọ mẹ́wàá, ẹyọ kan jẹ́ wákàtí mẹ́rin, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé iye báyìí jẹ́ ti ọ́fíìsì, iye báyìí jẹ́ ti aláìsàn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkàn ọ̀gá ló kù sí. Èyí tó bá sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣe aláìsàn níbi. Ìyá àgbà kan á gbéra láti ìlú rẹ̀ ní ìdájí, á gba káàdì, á jókòó, nọ́ọ̀sì á wá ní, "Màmá, ẹ má bínú, Ọ̀gá ò sí lórí síìtì, Àbújá ló pè wọ́n." Rẹsidẹ́ǹtì tó ti rẹ̀ ni yóò wò wọ́n.

Nítorí náà, mi ò sí lẹ́yìn àwọn tó ń yin ọ̀gá pé ó ṣì ń wọ tíátà. Oníṣẹ́ abẹ tó ń mú ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó má la ikùn mi. Kíliníìkì ni kó mú, ìdajì ọjọ́ lọ́sẹ̀, kó má sì jẹ́ ti sẹ́nátọ̀ àti ìyàwó gómìnà, torí wọn kì í tò, ohunkóhun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi ìsanwó kò kàn wọ́n. Àwọn tí fáìlì wọn sọnù, tí wọ́n ní oògùn tán, tí ẹ̀rọ X-ray ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ni kó jókòó tì. Kọ̀nsọ́tántì kejì gbọ́dọ̀ wà nínú kíliníìkì kan náà, kí orúkọ rẹ̀ sì wà lára ilẹ̀kùn, kí Màmá lè rí ẹni wò wọ́n lọ́jọ́ tí Àbújá bá pè.